Abẹ́rẹ́ Sagnarigu àti Àtẹ́lẹwọ́ Mi

Ẹ̀yin ará ilé, mo ti dé, ara mi sì le. Ẹ ti rí mi ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ ti rí mi nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi, ẹ sì ti bi mí léèrè títí ẹnu fi ń ro mí. Ẹni tó bá bi mí láàárọ̀, mo sọ ìdajì ọ̀rọ̀ fún un. Kí ó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti bá mi sọ ìdajì yòókù fún ẹlòmíràn. Wọ́n ní ará Ṣáínà kan fi abẹ́rẹ́ rán àbúrò mi mọ́ ibùsùn. Wọ́n ní mo lu dókítà. Ìdí nìyí tí mo fi ra ìwé tuntun kan, tí mo jókòó tì í. Kíláàsì kẹrin ni mo kà dé, nítorí náà ẹ má retí ju ohun tí ojú mi rí lọ.

Ẹ rántí iṣẹ́ tí ẹ rán mi. Nígbà tí ìpè wá láti Tamale, ní ilẹ̀ Ghana, pé àrùn rọpárọsẹ̀ ti gbé Jósẹ́fù àbúrò mi ṣubú níbi tó ti ń tún alùpùpù ṣe, pé ọwọ́ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ti kú, tí ẹnu rẹ̀ sì ti wọ́, gbogbo wa pàdé ní agboolé wa níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ ní ará Ṣáínà kan ń fi abẹ́rẹ́ gún un lọ́hùn-ún. Ẹ ní ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ibẹ̀ kò mọ ohun tó ń ṣe, bí kò bá jẹ́ pé ó tilẹ̀ mọ̀ ọ́n jù. Ẹ ní kí ẹnì kan lọ mú un wálé kí ó tó di ẹrù tí a ń fi pósí gbé. Ẹni tó lágbára kò ní àyè. Ẹni tó ní àyè, orúnkún ń dùn ún. Orúnkún ń dun èmi náà, àmọ́ n kò tètè sọ ọ́. Ẹ bá ní nígbà tó jẹ́ pé èmi ni mo tọ́ ọ, torí kò tíì já lẹ́nu ọmú tí ìyá wa fi kú, èmi náà ni kí n lọ gbé e.

Èmi nìkan ni mo padà dé. Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ lérí, kí ó kà á dé òpin.

Ọ̀nà

Mo máa ń gbọ́ pé ayé fẹ̀. Ohun tí wọn kò sọ fún mi ni pé ní gbogbo ibi tó bá ti fẹ̀, ẹnì kan ti ta okùn dí i, tó ń bèèrè ìwé. Kí a tó dé Kútọnù, ẹ̀rù èdè ń bà mí, àfi bí obìnrin tó ń ta omi ṣe kí mi ní Yorùbá tó jinlẹ̀ ju tèmi lọ. Inú mi dùn títí a fi dé Lomé. Níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọ́ èdè mi mọ́, n kò sì gbọ́ tiwọn. Mo di ọmọ ọwọ́. Obìnrin kan tó jókòó tì mí wo ojú mi, ó bu búrẹ́dì rẹ̀ sí méjì, ó gbé ìdajì lé mi lẹ́sẹ̀, ó sì sùn lọ. N kò mọ orúkọ rẹ̀ di òní. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Èkó, nínú ọkọ̀ tí gbogbo wa ti gbọ́ èdè ara wa dáadáa, ìjà ìjókòó la jà débẹ̀.

Ní Ghana, ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ohun gbogbo. Dẹ́rẹ́bà tó gbé wa kúrò ní Kumasi gbọ́ Hausa, èmi náà sì gbọ́ ọ, nítorí àwọn ará Sábó ni mo ti ń ránṣọ fún láti ìgbà ọ̀dọ́ mi. Ó ní, "Màmá, mo bẹ̀ yín, ẹrù yín ti pọ̀ jù. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé ilé yín lẹ tú wá ni? Ẹ má bínú o." Ó bẹ̀ mí, ó bú mi, ó tún bẹ̀ mí. Ènìyàn kò tilẹ̀ ní mọ ibi tí yóò ti dá a lóhùn.

Bí a ṣe ń lọ sókè, igi ń kéré sí i, oòrùn sì ń tóbi sí i. Nígbà tó yá, mo rí igi èmí, mo rí igi igbá tí a ń fi èso rẹ̀ ṣe irú, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń lọ sí Ìgbẹ́tì. Ojú mi ti mọ ilẹ̀ náà kí etí mi tó mọ̀ ọ́n. Mo wá ń rò ó pé, ṣé ibi tó jìn tó báyìí ni Jósẹ́fù wá kí ó lè rí ohun tó fi sílẹ̀ nílé?

Naa

Ohun àkọ́kọ́ tí mo rí ní Tamale ni ìyá arúgbó kan lórí alùpùpù. Kì í ṣe pé ẹnì kan gbé e sẹ́yìn o. Òun fúnra rẹ̀ ló ń wà á, ìborùn ń fẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, adìẹ méjì rọ̀ lọ́wọ́ alùpùpù. Mo dúró wò ó títí ó fi wọ ìkóríta. Ẹ̀yin tí ẹ ní mo ti dàgbà jù láti máa gun ọ̀kadà, mo kí yín.

Wọ́n mọ ìkíni jù wá lọ. Mo mọ̀ pé ẹ kò ní gbà. Nílé wa, ọmọdé á kúnlẹ̀ fìrì, á ti dìde. Níbẹ̀, àgbà ń lóṣòó fún àgbà, wọ́n á bèèrè oorun rẹ, ara rẹ, ilé rẹ, ọmọ rẹ, àlejò rẹ, ìwọ yóò sì máa dáhùn pé "Naa", "Naa", títí ìbéèrè yóò fi tán. Mo fi "Naa" yìí nìkan gbé ọ̀sẹ̀ kan, gbogbo àdúgbò sì ní mo gbọ́ Dagbani, èdè wọn.

Àdúgbò kan tí wọ́n ń pè ní Kakpagyili ni ilé Jósẹ́fù wà. Azara, ìyàwó rẹ̀, lóṣòó níwájú mi lẹ́nu ọ̀nà, kò gbé ojú sókè. Mo wá ìwà ibi tí ẹ ní ó wà lójú rẹ̀. Mo wá a dáadáa. Àìsùn nìkan ni mo rí.

Jósẹ́fù wà lórí ibùsùn nínú yàrá iwájú. Ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sí apá kan bí etí àpò tí okùn fà. Ó wò mí, ó wò mí, ọ̀rọ̀ ń jáde bí ẹni tí ẹ̀kọ gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ mà ti darúgbó o."

Mo ní, "Ìwọ tó ṣì wà lọ́mọdé, dìde kí o gba ẹrù lọ́wọ́ mi."

Ó fi ẹnu wíwọ́ náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín bá di ikọ́, ikọ́ kò sì fẹ́ tán. Azara sáré wá, ó gbé e jókòó, ó ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn. Ikọ́ yẹn, mi ò kà á sí nǹkan kan lọ́jọ́ náà.

Oúnjẹ kò wọ́n wa. Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń bá a jọ́sìn á wá láàárọ̀, àwọn ará Zongo, Sábó tiwọn, á wá lọ́sàn-án, àwọn àna rẹ̀ á wá nírọ̀lẹ́, abọ́ sì wà lórí olúkúlùkù: kókó, bí wọ́n ṣe ń pe ògì, fúrá, tùbáànì tó jọ mọ́ín-mọ́ín wa bí ìbejì, àti tìísẹ́ẹ̀dì, òkèlè ìyẹ̀fun àgbàdo wọn, pẹ̀lú ọbẹ̀ ayoyo, tí wọ́n ń ṣàlàyé fún mi bí ohun àjèjì, tó sì jẹ́ ewédú tí mo ti ń já láti kékeré. Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí síbẹ̀ á kí mi ní ẹ̀ẹ̀kan náà pé, "Màmá, ẹ káàárọ̀, ina kwana, Bàbá ńkọ́, da sauki?" Èdè méjì ti tán kí wọ́n tó jókòó. Gbogbo wọn ló sì fẹ́ kí aláìsàn gbé oúnjẹ tiwọn mì lójú wọn. Aláìsàn tí kò bá tọ́ oúnjẹ àlejò wò ti sọ àlejò di ọ̀tá.

Dókítà

Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń fi kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta gbé Jósẹ́fù lọ sí Sagnarigu, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Tamale, fún abẹ́rẹ́. Mo bá wọn lọ. Mo ti múra ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ fún ará Ṣáínà náà sílẹ̀. A jókòó títí, ni obìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ sí ogójì ọdún bá gun alùpùpù dé, ó ṣí akoto, ó tún híjáàbù rẹ̀ tò, ó sì lóṣòó kí mi.

Mo fi Hausa bi í pé, "Dókítà dà?"

Ó ní, "Èmi ni, Màmá. Mẹ́múnà ni wọ́n ń pè mí."

"Ará Ṣáínà náà ńkọ́?"

"Mo fi wọ́n sílẹ̀ sí Ṣáínà, Màmá. Iṣẹ́ ni mo kọ́ lọ́dọ̀ wọn, n kò jí wọn gbé."

Ọmọ Dagomba ni, ẹ̀yà tó ni ilẹ̀ náà, ilé bàbá rẹ̀ kò jìnnà sí ibẹ̀. Ó tú abẹ́rẹ́ sílẹ̀, abẹ́rẹ́ tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó jẹ́ pé n kò lè fi rán lééṣì. Ó gún ọ̀kan sí abẹ́ orúnkún Jósẹ́fù, ọ̀kan sí ọwọ́, díẹ̀ sí orí. Ẹ̀jẹ̀ kò jáde. Jósẹ́fù tilẹ̀ ń tòògbé.

Mo ní, "Dókítà, ó lé ní ogójì ọdún tí mo ti ń fi abẹ́rẹ́ gún ìka ara mi. N kò tíì rí àìsàn kan tó bá a lọ."

Ó ní, "Bóyá ìdí nìyẹn tí rọpárọsẹ̀ kò fi mú ìka yín."

Mo fẹ́ràn rẹ̀ díẹ̀ níbẹ̀, n kò sì jẹ́ kí ó hàn. Mo ní kí ó ṣàlàyé. Ó fa àpótí kan, ó jókòó tì mí.

Ó ní, "Màmá, tí ilé kan bá ń jóná ládùúgbò yín, ta ló ń sáré wá?"

"Gbogbo ènìyàn."

"Láti pa iná?"

"Àwọn kan láti pa iná. Àwọn kan láti wòran. Àwọn kan láti kó ìkòkò."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìyókù abẹ́rẹ́ mú. Ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí nínú ọpọlọ. Ẹ̀jẹ̀ dì, ó dí òpó ẹ̀jẹ̀ kan, ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò dé mọ́ ń kú lọ. Nínú ara wa, àwọn ẹ̀ṣọ́ wà tí ń bá àìsàn jà. Wọ́n á sáré lọ síbẹ̀. Àwọn kan á ṣiṣẹ́ rere, wọ́n á kó àlàpà kúrò. Àmọ́ nítorí ìkánjú, àwọn mìíràn á wó ògiri aládùúgbò, wọ́n á da omi sí yàrá tí kò jóná, ibi tí kò kú tẹ́lẹ̀ náà á wú, á sì bàjẹ́ kún un.

Ó ní, "Èkejì ló tún burú jù. Nígbà tí ara bá rí i pé àwọn ẹ̀ṣọ́ òun ti ya wèrè, ó ń pàṣẹ pé kí àwọn yòókù lọ sùn. Ẹnubodè á wá ṣófo. Kòkòrò tó bá gba ọ̀fun wọ ẹ̀dọ̀fóró kò ní rí ẹni tí yóò bi í pé níbo lò ń lọ. Ọ̀pọ̀ ẹni tí rọpárọsẹ̀ kò pa, àyà ló padà pa wọ́n."

"Abẹ́rẹ́ yìí ńkọ́?"

"Ó ń kan àwọn iṣan tó ń jíṣẹ́ láàárín ara àti ọpọlọ. A rò pé iṣẹ́ tó ń jẹ́ ni pé kí àwọn ẹ̀ṣọ́ tó ń bínú rọra, kí àwọn tó sùn sì jí."

"Ẹ rò?"

"A rò, Màmá."

"Ẹ kò mọ̀."

"Ara eku ni wọ́n ti rí i jù. Ti ènìyàn, ó ṣeé ṣe, a ò tíì lè fọwọ́ sọ̀yà."

Mo ní, "Àbúrò mi kì í ṣe eku."

Ó ní, "Mo mọ̀. Ìdí nìyẹn tí n kò fi fẹ́ kí ó pa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí ilé ìwòsàn fún un jẹ lọ́jọ́ kan ṣoṣo."

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ mọ àwọn tó ń polówó oògùn nínú ọkọ̀ Òṣogbo. Ìgò kan ṣoṣo, ó wo jẹ̀díjẹ̀dí, ó wo ojú, ó mú ọkọ tó sá lọ padà wálé. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó sọ "a rò" rí. Mo sọ nínú ọkàn mi pé ọmọ yìí kò mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Kí a tó lọ, ó ní kí á máa gbé Jósẹ́fù jókòó ṣánṣán kí ó tó jẹun, kí oúnjẹ ki díẹ̀, kí á fún un ní ṣíbí kéékèèké, kí ẹnikẹ́ni má da ohun tó ṣàn sí i lẹ́nu. Mo gbọ́ ọ bí ẹni tó wà ní gáréèjì ṣe ń gbọ́ ìpolongo ọkọ̀ tí kò lọ sí ìlú rẹ̀.

Rírọ

Azara ń tẹ̀lé ohun tí dókítà sọ. Ṣíbí kan, á dúró. Ṣíbí kan, á dúró, á wo ọ̀fun rẹ̀. Abọ́ kókó kan á gba wákàtí kan, ìdajì rẹ̀ á sì ṣẹ́kù. Mo ń wo àbúrò mi tó ń rù. Mo ní ṣé bí a ṣe ń tọ́jú ọkùnrin nìyí?

Lọ́jọ́ kẹta tí a ti Sagnarigu dé, Azara lọ pọnmi. Mo ṣe ohun tí gbogbo ìyá tó ń ka ìwé yìí ti ṣe rí. Mo jókòó sílẹ̀, mo na ẹsẹ̀, mo gbé orí Jósẹ́fù lé itan mi, mo ká àtẹ́lẹwọ́ òsì mi bí kòtò sí i lẹ́nu, mo sì da kókó sí i. Mo rọ ọ́. Bí mo ṣe rọ ọ́ nígbà tó wà lọ́mọ oṣù méje tí kò sí ọmú fún un, bẹ́ẹ̀ náà ni mo rọ ọ́ nígbà tó ti ní ọmọ-ọmọ. Ó ń ta ẹsẹ̀ kan tó lè ta. Ó pá a lórí lẹ́ẹ̀mejì, mo gbá a láyà, mo ní, "Ó ń lọ sílẹ̀, gbé e mì." Gbogbo abọ́ náà wọlé. Mo nu ẹnu rẹ̀, inú mi dùn.

Azara dé, ó rí abọ́ òfìfo, ó wolẹ̀, ó gbé e lọ fọ̀. Mo pè é ní ìtìjú. Ìyá Gbóyèga, ìyá ìjọ wọn, tó wá kí wa ní, "Háà! Ọwọ́ ìyá yàtọ̀. Ẹ wo bó ṣe tán abọ́ náà!" Ọ̀rọ̀ yẹn bọ́ sí mi lára. Mo tún rọ ọ́ lọ́jọ́ kejì rẹ̀, mo rọ ọ́ lọ́jọ́ kẹta rẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹrin, ara rẹ̀ gbóná bí ààrò. Èémí rẹ̀ ń súfèé. Ó ń wò mí, kò dá mi mọ̀.

Azara ránṣẹ́ pe Dókítà Mẹ́múnà. Kí ó tó sọ̀ kalẹ̀ lórí alùpùpù ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Ilé kún fún àlejò, mo sì jẹ́ kí gbogbo wọn gbọ́. Mo ní, "O ti rí i báyìí! O ní ò ń jí ẹ̀ṣọ́. Àwọn wo lo jí? Ihò lo lu sí ọmọ ìyá mi lára, àìsàn sì gba ibẹ̀ wọlé!" N kò lù ú o. Ariwo ni mo pa.

Dókítà kọjá lára mi. Ó gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ àyà lé Jósẹ́fù lẹ́yìn, ó gbọ́ apá òsì, ó gbọ́ apá ọ̀tún, ó pẹ́ ní apá ọ̀tún. Ó wá bèèrè jẹ́jẹ́ pé, "Ta ló ń fún un lóúnjẹ?"

Ìyá Gbóyèga wo òkè àjà. Azara sì wà lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀, òun tí a ti fẹ̀sùn kàn láti Ògbómọ̀ṣọ́ láì rí ojú rẹ̀. Gbólóhùn kan péré ló kù kí ó sọ. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n ọkọ ni mí. Lọ́dọ̀ wọn, bíi tiwa, ìyàwó kì í na ìka sí ọkọ rẹ̀ níwájú àlejò, èmi náà sì jẹ́ ọkọ fún un.

Azara ní, "Èmi ni."

Ojú ti tì mí láyé yìí rí, ṣùgbọ́n kì í ṣe bíi ti ọjọ́ náà.

Mo ní, "Irọ́ ló ń pa. Èmi ni."

Dókítà ní, "Báwo, Màmá? Ẹ fi hàn mí."

Mo jókòó sílẹ̀, mo na ẹsẹ̀, mo gbé afẹ́fẹ́ lé itan, mo ká àtẹ́lẹwọ́ mi. Ó wò ó títí. Ó ní, "Ọ̀fun rẹ̀ kò mọ ọ̀nà mọ́, Màmá. Kókó yẹn kò lọ sí ikùn. Ẹ̀dọ̀fóró ló lọ."

Mo ní, "Fi abẹ́rẹ́ sí i."

Ó ní, "Abẹ́rẹ́ mi kò lè ṣe èyí. Ilé ìwòsàn, nísinsìnyí."

Báyìí ni alábẹ́rẹ́ ṣe kọ̀ láti gún un lábẹ́rẹ́ nígbà tí èmi tí mo wá gbà á lọ́wọ́ abẹ́rẹ́ ń bẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ó lò níbẹ̀, lórí oògùn àti afẹ́fẹ́ inú rọ́bà. Èmi àti Azara wà lórí ẹní kan lábẹ́ igi ní ìta. Àwọn obìnrin tí n kò mọ̀ rí, tí àwọn náà ní aláìsàn nínú ilé, ń fún wa ní omi ìwẹ̀. Èmi tí mo wá wo bí àjèjì ṣe ń pa àbúrò mi, mo jókòó ti ẹni tó ń gbà á là, mò ń ka àṣìṣe mi bí ìlẹ̀kẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ bá tilẹ̀ ń jí àwọn ẹ̀ṣọ́ náà lóòótọ́, èmi ni mò ń da kókó lé wọn lórí.

Ọwọ́ òsì

Jósẹ́fù padà sílé. Abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ padà, ọmọ ìka ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ sì mira lọ́jọ́ kan. Mo bi Dókítà pé ṣé abẹ́rẹ́ ló ṣe é ni, àbí oògùn, àbí àdúrà ìjọ. Ó ní, "Ó ṣeé ṣe." Mo ti ń mọ̀ ọ́n.

Àmọ́ ó ní ohun kan dá òun lójú, kò sì fi ti eku ṣe: ẹni tó bá ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ jẹun, ọ̀fun rẹ̀ máa ń múra sílẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń fún, oúnjẹ á bá a lójijì. Bí àyà yìí bá tún kún lẹ́ẹ̀kan sí i, òun kò mọ̀ bóyá yóò yè é. Nítorí náà, kí Jósẹ́fù máa fi ọwọ́ rẹ̀ tó kù jẹun.

Ọwọ́ tó kù ni òsì.

Jósẹ́fù kọ̀. Ó ní, "Ọwọ́ òsì? Ẹ̀gbọ́n, ọwọ́ tí a kì í fi í júwe ilé bàbá ẹni ni kí n fi bọ abọ́? Níwájú àwọn àna mi?" Ẹ kò mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe rí níbẹ̀. Nílé wa, ènìyàn lè ṣàṣìṣe kí wọ́n sì bá a wí. Ní Tamale, tí ọ̀pọ̀ ti ń jẹun nínú abọ́ kan, ẹni tó bá fi òsì kan oúnjẹ ti lé gbogbo ènìyàn dìde. A gbé ṣíbí fún un, ó ní ọwọ́ òsì náà ló ṣì di ṣíbí mú. Pásítọ̀ wọn ní Ọlọ́run ló dá ọwọ́ méjèèjì. Jósẹ́fù ní kí Pásítọ̀ lọ fi òsì bọ àna òun lọ́wọ́ ná.

Ọjọ́ mẹ́ta, kò jẹ ju ọbẹ̀ kíki díẹ̀ tí Azara ń fi ṣíbí kékeré fún un lọ. Ní ọjọ́ kẹta ló ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbé mi lọ sílé. Ẹ gbé mi sí yàrá ẹ̀yìn, níbi tí ẹnì kan kò ti ní máa wo ẹnu mi."

Ohun tí ẹ rán mi náà nìyí. Ó ti gbà. Mo bi Dókítà. Ó ní ọ̀nà tó jìn tó yẹn, pẹ̀lú àyà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ san, kí ó má jẹun, kí ó máa sùn gbalaja nínú ọkọ̀? Ó wò mí, ó mi orí. Mo wá ní ohun tí mo wá gbà, n kò sì lè gbé e.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ilé kún bí ìṣe wọn. Bàbá Azara wà níbẹ̀, àgbàlagbà Dagomba tó rọra ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń ka owó ẹyọ. Ìyá Gbóyèga wà níbẹ̀. Azara gbé tìísẹ́ẹ̀dì àti ayoyo sílẹ̀. Jósẹ́fù jókòó ṣánṣán, ó yí ojú kúrò.

Mo fọ ọwọ́ mi méjèèjì. Mo tú gèlè mi, mo ní kí Azara fi di ọwọ́ ọ̀tún mi mọ́ ẹ̀yìn. Ó rò pé orí mi ti dàrú, àmọ́ ó dì í. Mo wá na ọwọ́ òsì sínú abọ́, mo bu òkèlè.

Ìyá Gbóyèga figbe bọnu. "Ìyá Àgbà! Ọwọ́ òsì mà nìyẹn!"

Mo ní, "Mo dá a mọ̀. Ó ti pẹ́ tí a ti jọ wà."

Ẹ gbìyànjú rẹ̀ nílé yín, ẹ̀yin tí ẹ rò pé ó rọrùn. Òkèlè náà kò gbọ́ tèmi. Ó yí nínú ọbẹ̀, ó fò, ayoyo fà gbọ̀ọ̀rọ̀ láti ẹnu mi dé àyà bùbá mi. Bàbá Azara wo ọwọ́ mi, ó wo àna rẹ̀ lórí ibùsùn, ó tún wo ọwọ́ mi. Ó wá dìde, ó gbé àpótí rẹ̀, ó yí i, ó jókòó padà, ó kọ ẹ̀yìn sí wa, ó kọjú sí ògiri, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè nípa òjò lọ́wọ́ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni náà yí padà láti dá a lóhùn. Ẹlòmíràn yí. Títí kan Ìyá Gbóyèga, gbogbo wọn kọjú sí ògiri, wọ́n ń bá ògiri sọ̀rọ̀ òjò.

Jósẹ́fù wo ẹ̀yìn àwọn àna rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ń da ọbẹ̀ sára."

Mo ní, "Wá fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é hàn mí."

Ó na ọwọ́ òsì. Ó bu kékeré. Ó tẹ àgbọ̀n mọ́ àyà bí Dókítà ṣe kọ́ ọ, ó gbé e mì. Ó bu òmíràn. Nígbà náà ló wo bùbá mi dáadáa, ibi tí ewédú ti ya odò, ẹ̀rín bú mọ́ ọn lẹ́nu, ẹ̀rín gidi, tó mi ibùsùn.

Ọ̀rọ̀ òjò dáwọ́ dúró lẹ́nu gbogbo wọn. Ẹ̀yìn Azara le bí pákó. Gbogbo wa ń dúró de ikọ́ náà.

Kò wá. Ó nu ojú rẹ̀, ó sì tún bu òkèlè.